Mísà B minor ti Bach lẹ́nu akọrin 10: ṣé ó tó, àbí kò tó?

AtúnOhùnṢe

Ẹ̀yin olólùfẹ́ orin, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ẹgbẹ́ akọrin kékeré kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Mísà B minor ti Johann Sebastian Bach, orin ńlá tó fi ọ̀rọ̀ Látìnì inú ìsìn Mísà kọ, sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èmi ni wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ fún pé kí n ṣà á, kí n gé e, kí n sì so ó pọ̀. Àwo náà kò tíì jáde, torí náà ẹ má bi mí léèrè orúkọ wọn. Akọrin 10 péré ni wọ́n: 5 ń dá kọ, 5 yòókù ń ṣe elégbè níbi tí orin bá ti fẹ̀. Irú ohun èlò tí wọ́n ń lò láyé Bach ni wọ́n lò, wọ́n sì gbé A, ìró tí gbogbo ohun èlò fi ń bá ara wọn mu, sí 415 Hz, ìyẹn fi nǹkan bí ìdajì ìró kan rẹlẹ̀ sí 440 tí a mọ̀ lónìí.

Ibi tí mo há sí rèé. "Crucifixus", apá tó sọ nípa ikú Jésù lórí àgbélébùú, ti fẹ́ parí. Ẹ mọ bó ṣe ń parí: ìlà báàsì kan tí kò ju bar 4 lọ ti ń yí po bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó ti di ìgbà kẹtàlá. Ní yíyí tó kẹ́yìn yìí, fèrè àti gòjé ti dákẹ́, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí isà òkú pẹ̀lú báàsì nìkan, E minor tí a ti ń gbọ́ bọ̀ á wá ṣẹ́rí sí G major wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, "Et resurrexit", ó sì jíǹde! Ohùn 5, kàkàkí 3, ìlù, gbogbo wọn bẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ohun èlò kankan tó kọ́kọ́ ṣíde.

Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ni kí n fi sáàárín méjèèjì? Olùdarí wọn ò fẹ́ kí àlàfo kankan wà níbẹ̀. Ẹni tó ń náwó sí àwo náà ní kí n jẹ́ kí olùgbọ́ ṣọ̀fọ̀ díẹ̀ ná.

Ìbéèrè kejì: níbi tí kàkàkí bá ti wọlé, mo ti gbé máíkì àwọn akọrin sókè díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ Látìnì lè yé ènìyàn. Ṣé ẹ̀tàn nìyẹn?

Tẹ́nọ̀Kejì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, akọrin 10? Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ ńlá tó kọ Mísà yìí, àwa tẹ́nọ̀ nìkan ju iye yẹn lọ. Bí "Et resurrexit" bá bẹ́, láti àtẹ́lẹsẹ̀ lara á ti máa gbọ̀n. Kí akọrin 10 wá dojú kọ kàkàkí 3 àti ìlù? Ṣíbí tíì lẹ fi ń bu omi sí àgbá yẹn.

Ẹ lọ gbọ́ àwo olùdarí Karl Richter ti 1961 pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin Münchener Bach-Chor, kí ẹ gbọ́ bí igbe "Kyrie" àkọ́kọ́ ṣe ń kún ilé. Bí orin bá tóbi tó báyìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló yẹ ẹ́. Èrò tèmi nìyẹn o.

Onídùùrù

@Tẹ́nọ̀Kejì, àbúrò, rọra. Ìjà tí o fẹ́ dá sí yìí ti lé ní 40 ọdún, kò sì tíì parí.

Ọdún 1981 ni Joshua Rifkin, olùdarí orin ará Amẹ́ríkà, dìde níwájú àwọn onímọ̀ orin ní Boston tó ní ohun tí Bach ń pè ní kọ́ọ̀sì (ẹgbẹ́ akọrin), ẹnì kan fún ohùn kan ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbà. Kò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu: ní 1982, àwo rẹ̀ jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ àwo Nonesuch, Mísà B minor yìí gan-an sì ni, ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ohùn tirẹ̀. Olùdarí Andrew Parrott gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Taverner Consort, àmọ́ òun fi elégbè díẹ̀ kún un, bíi ti ẹgbẹ́ tí AtúnOhùnṢe ń sọ yìí. Ó tún kọ odindi ìwé lé ọ̀rọ̀ náà lórí ní 2000. Ton Koopman, olùdarí mìíràn, ní tiẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

Ìwé ohùn ni ẹ̀rí Rifkin. Ní July 1733, Bach kó Kyrie àti Gloria, apá méjì àkọ́kọ́ Mísà náà, lọ fún Friedrich August II, aláṣẹ Saxony, ní Dresden, torí ó ń wá oyè ààfin. Kì í ṣe ìwé olùdarí, tí gbogbo ohùn wà nínú rẹ̀, ló kó fún un. Ìwé ohùn kọ̀ọ̀kan ni, èyí tí òun, ìyàwó rẹ̀ Anna Magdalena, àti àwọn ọmọ rẹ̀ Wilhelm Friedemann àti Carl Philipp Emanuel jọ dà kọ. Ẹ̀dà kan fún sopránò kìíní, ẹ̀dà kan fún sopránò kejì, áltò kan, tẹ́nọ̀ kan, báàsì kan. Orin àdákọ àti kọ́ọ̀sì, ìyẹn orin àjùmọ̀kọ, jọ wà nínú ìwé kan náà. Rifkin ní tó bá jẹ́ pé ènìyàn 3 ló ń wo ìwé kan, ibo ni wọ́n ti sọ fún àwọn 2 pé kí wọ́n panu mọ́ nígbà tí àdákọ bá dé? Àwọn alátakò ní akọrin ò nílò kí wọ́n kọ irú èyí sílẹ̀ fún òun, wọ́n á ti bá ara wọn sọ ọ́.

Èmi ò tíì rí ẹni tó borí níbẹ̀.

Tẹ́nọ̀Kejì

Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n ṣebí Bach fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìlú Leipzig pé ó kéré tán kí akọrin jẹ́ 12, kódà pé 16 ló dáa jù? Ta ni ká wá gbà gbọ́, Bach tàbí Rifkin?

Màmá Áltò

Ó kọ ọ́, ọmọ mi, 23 August 1730 ni. Ṣùgbọ́n ka ìyókù. Ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní sopránò 3, áltò 3, tẹ́nọ̀ 3, báàsì 3, kí ó lè jẹ́ pé bí ara ẹnì kan ò bá tilẹ̀ yá, a ó ṣì rí ènìyàn kọ motet (orin ìsìn kúkúrú) oní-kọ́ọ̀sì méjì. Bàbá tún fi kún un pé àìsàn pọ̀ lásìkò náà, pé bí ẹnikẹ́ni bá ń jiyàn, kí ó lọ wo ìwé oògùn tí dókítà ilé ẹ̀kọ́ ń kọ ránṣẹ́ sí ilé apòògùn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá débẹ̀. Kò sí olùdarí akọrin láyé yìí tí ọ̀rọ̀ yẹn ò bá lára mu.

Motet oní-kọ́ọ̀sì méjì, ohùn 8 ni. Bí 12 bá wà nílé, tí òtútù mú mélòó kan, 8 tó kù ti tó fún un: ẹnì kan, ohùn kan. Ìwé tí ìwọ fi ń ja Rifkin, òun náà ni àwọn ẹmẹ̀wà Rifkin fi ń jà ọ́.

Èmi kì í ṣe onímọ̀ ìwé, akọrin ni mí. Mo ti kọ áltò Mísà yìí nínú ẹgbẹ́ ńlá, mo sì ti kọ ọ́ níbi tí a kò ti ju méjì lọ lórí ohùn áltò. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ariwo, ti èémí ni. Nínú ẹgbẹ́ ńlá, a máa ń jí èémí. Èmi á mí níbí, ẹnìkejì mi á mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ méjì, olùgbọ́ ò ní mọ̀, ohùn á kàn máa lọ gbọọrọ bí ẹni pé kò sí ènìyàn níbẹ̀. Àwọn ìró tó ń sáré nínú "Cum Sancto Spiritu" tó parí Gloria yẹn, bó bá ku ìwọ nìkan, ibi tí o bá ti mí, gbogbo ayé ló gbọ́. O ní láti yan ibẹ̀. Tí o bá sì ti yàn án, gbólóhùn orin á wá ní orí àti ìdí. Ohun tí mò ń gbádùn nínú àwo oníkéréje nìyẹn, kì í ṣe pé Bach pàṣẹ ẹ̀.

Àmọ́ ìyà ń bẹ níbẹ̀ o. Ẹni tó kọ gbogbo kọ́ọ̀sì láti Kyrie, tó la Osanna já, òun náà ni yóò tún dìde dá "Agnus Dei" kọ lópin. Ọ̀fun á ti gbẹ. Nínú sítúdíò, wọ́n á ní kó lọ sùn, kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Lójúkojú ńkọ́?

EléetíKan

Ọ̀rọ̀ máíkì ni mo fẹ́ dá sí ní tèmi, torí olùgbọ́ lásán ni mí.

@AtúnOhùnṢe, ẹ ń béèrè bóyá ẹ̀tàn ni. Àwo wo ni kò ní ẹ̀tàn nínú? Richter tí wọ́n ń yìn yẹn, máíkì ló fi wọlé sínú etí wa. Kò sí ẹni tó ń jókòó síbi tí máíkì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àfi ẹyẹ.

Ohun tí mo kórìíra ni kí n gbọ́ akọrin bí ẹni wà lórí èjìká mi, kí kàkàkí wá wà ní òpópónà kejì. Yàrá méjì nínú orin kan! Tí ẹ bá fẹ́ kí kàkàkí jìnnà, kí wọ́n rìn sẹ́yìn ní tòótọ́, kí ẹ má fi ẹ̀rọ tì wọ́n sẹ́yìn. Etí mọ ìyàtọ̀ kódà bí ẹnu ò bá lè ṣàlàyé rẹ̀.

Àti pé kàkàkí ayé Bach kì í ṣe ti òde òní. Kò ní fáàfù, ètè ni afọnkàkàkí fi ń wá ohùn. Lókè lọ́hùn-ún tí Bach ń gbé wọn lọ, ohùn wọn máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń dán, kì í bo ènìyàn mọ́lẹ̀ bíi ti èyí tí wọ́n ń lò nínú ẹgbẹ́ onígòjé ńlá lónìí. Tẹ́nọ̀Kejì ń fi kàkàkí òde òní dẹ́rù ba akọrin àtijọ́.

Tẹ́nọ̀Kejì

Mo gba ti kàkàkí. Mi ò tíì gba ìyókù 😀

AtúnOhùnṢe

Ẹ ṣé gan-an. @EléetíKan, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti gbà á, ẹ̀yìn pátápátá ni àwọn onikàkàkí dúró sí, àwọn akọrin wà níwájú wọn ní ìlà tó tẹ̀ bí oṣù tuntun. Ìró wọn jìnnà ní tòótọ́. Ohun tí mo gbé sókè kò ju kí "t" tó wà ní ìparí "resurrexit" má sọnù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ wàhálà mi gan-an. Wọn ò gbà á sílẹ̀ bó ṣe tò. Ètè àwọn onikàkàkí kì í pẹ́ rẹ̀, torí náà wọ́n kó gbogbo ibi tó bá ní kàkàkí pọ̀ sí ọjọ́ kan. Ẹni tó ń fọn ìwo ńkọ́? "Quoniam" nìkan ló ní nínú gbogbo Mísà, òun, fàgọ́ọ̀tì (fèrè gígùn olóhùn ìsàlẹ̀) 2 àti akọrin báàsì. Bó bá jẹ́ lójúkojú ni, ó máa jókòó láti Kyrie, ó máa fọn ẹyọ kan yẹn, á sì tún padà jókòó. Ní tiwa, ó dé, ó fọn ún, ó kó ìwo rẹ̀ sínú àpótí, ó lọ.

Èyí dáa fún wọn, ṣùgbọ́n ó gba oorun lójú mi. "Quoniam" ń bọ́ sínú "Cum Sancto Spiritu" láìdúró. Ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kìíní, atẹ́gùn ń fẹ́, àjà ṣọ́ọ̀ṣì náà ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ọjọ́ kejì, kò sí atẹ́gùn rárá. Ìdákẹ́jẹ́ méjèèjì ò dọ́gba! Tí mo bá gé e, ènìyàn á gbọ́ bí yàrá ṣe yí padà kí ohùn tó dé. "Crucifixus" àti "Et resurrexit" bẹ́ẹ̀ náà: ọjọ́ tí kò sí onikàkàkí nínú ilé ni wọ́n gba àkọ́kọ́. Ẹ má rò pé ìdákẹ́jẹ́ tí ènìyàn 3 wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dá èémí dúró rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí wọn ò sí níbẹ̀.

Mo dúpẹ́ pé mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gba ṣọ́ọ̀ṣì òfìfo sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lójoojúmọ́. Òun ni mo ń lò bí gọ́ọ̀mù.

AdaríOrin

Ní ti àlàfo, ẹ má fi agogo wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì náà sọ fún yín. Kọ́ọ̀dù G major tó kẹ́yìn "Crucifixus" yẹn ní ìrù, ìró rẹ̀ á máa rá lọ lórí ògiri. Kí ó rá tán, kí olùgbọ́ gbọ́ pé ó tán, kí ọwọ́ olùdarí sì gbéra: ibẹ̀ ni "Et resurrexit" ti gbọ́dọ̀ bẹ́. Tí ẹ bá gé ìrù yẹn, ẹ ti jí ikú Olúwa gbé. Bí ẹ bá sì fi ìdákẹ́ kún un lẹ́yìn tí ó rá tán, eré ìtàgé lẹ ń ṣe.

Ẹ rántí pé mẹ́ta ni wọ́n, kì í ṣe méjì. "Et incarnatus" ló ṣíwájú wọn. Bach ò tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ ní àkọ́kọ́. Inú "Et in unum Dominum", orin ẹni méjì, ni ọ̀rọ̀ yẹn wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó yá ló kọ kọ́ọ̀sì tuntun fún un sórí ewé mìíràn tó ki bọ inú ìwé náà, ó sì pín ọ̀rọ̀ orin ẹni méjì yẹn ṣe lọ́tun. Ìbí, ikú, àjíǹde, wọ́n wá tò tẹ̀lé ara wọn bẹ́ẹ̀. Torí náà àlàfo tí ẹ bá fi ṣáájú "Crucifixus" gbọ́dọ̀ bá èyí tó tẹ̀lé e mu.

Ìbéèrè tèmi: ẹ̀dà ìwé orin wo ni wọ́n lò? Nǹkan yìí ṣe pàtàkì ju iye akọrin lọ, kò sì sí ẹni tó ń jà lé e. Ìwé tí Bach fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà ní Staatsbibliothek ní Berlin, UNESCO fi í sínú àkójọ ohun ìrántí àgbáyé ní 2015. Tádáwà rẹ̀ ti ń jẹ bébà. Èyí tó tún burú ni pé lẹ́yìn ikú bàbá, Carl Philipp Emanuel kọ nǹkan kún un, ó tún àwọn ibì kan ṣe, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti mọ ọwọ́ bàbá yàtọ̀ sí ọwọ́ ọmọ. Fún ẹ̀dà ilé ìtẹ̀wé Bärenreiter ti 2010 tí onímọ̀ orin Uwe Wolf tọ́jú, ìtànṣán X-ray ni wọ́n fi yẹ tádáwà wò kí wọ́n tó lè yà wọ́n. Rifkin náà ní tiẹ̀, Breitkopf ló tẹ̀ ẹ́ ní 2006. Bí wọ́n bá lo ẹ̀dà àtijọ́, ọ̀rọ̀ ọmọ wà lẹ́nu bàbá níbì kan nínú àwo yín.

Ẹ tún gbọ́ fèrè nínú "Domine Deus". Nínú ìwé ohùn Dresden, ìró méjì méjì yẹn, èyí àkọ́kọ́ kúrú, èkejì gùn, ó ń ta tìkọ́tìkọ́. Nínú ìwé olùdarí, wọ́n dọ́gba. Èwo ni tiwọn fọn?

AtúnOhùnṢe

2010 ti Wolf ni. Fèrè wọn ń ta tìkọ́tìkọ́, ti Dresden ni wọ́n tẹ̀lé. Látìnì wọn, bí àwọn ará Jámánì ṣe ń pè é ni: "krutsifíksus", kì í ṣe "kruchifíksus".

EléetíKan

Ìbéèrè òpè: akọrin mélòó ni Bach fúnra rẹ̀ lò nígbà tó darí Mísà yìí? Ẹ sọ iye yẹn ká lọ sùn.

Onídùùrù

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kò sí ẹ̀rí kankan pé ó gbọ́ odindi rẹ̀ rí. Apá tó ń jẹ́ Sanctus ti wà láti Kérésìmesì 1724. Orin "Crucifixus" wá láti inú kàǹtátà (orin ìsìn ọlọ́pọ̀ apá) kan tó kọ ní 1714, nígbà tí kò tilẹ̀ tíì dé Leipzig. Kyrie àti Gloria, 1733, fún Dresden. Ìgbà tó fi máa kó ìyókù jọ, tó sì kọ Credo, apá ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, tán, ó ti di ìparí àwọn ọdún 1740, ojú bàbá ti ń ṣú. Ó kú ní 28 July 1750. Ní 1786, Carl Philipp Emanuel darí Credo nìkan ní Hamburg, níbi orin tí wọ́n fi ṣàánú àwọn aláìsàn tí kò ní.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ní "bí Bach ṣe ṣe é nìyí", ẹ bi í pé apá wo, ọdún wo, ìlú wo. Akọrin Dresden kì í ṣe ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Leipzig. Ohun tí ìwé ohùn Dresden ń sọ, Kyrie àti Gloria ló ń sọ ọ́ fún. Kò sọ nǹkan kan nípa Osanna oní-ohùn 8.

Tẹ́nọ̀Kejì

Sà, ẹ ti gbà fún mi nìyẹn láìmọ̀! Bí kò bá sí àṣà kan tí Bach fi lélẹ̀ fún odindi rẹ̀, ẹgbẹ́ ńlá ò ṣẹ̀.

Onídùùrù

Kò ṣẹ̀. Ta ló ní ó ṣẹ̀? Mo ní kí o má fi 1730 jẹ́rìí ni.

Màmá Áltò

@Tẹ́nọ̀Kejì, bí àárín méjèèjì lo bá ń wá, gbọ́ àwo tí olùdarí John Eliot Gardiner ṣe ní 1985. Akọrin rẹ̀ ju 10 lọ dáadáa, ṣùgbọ́n inú wọn náà ni àwọn tó dá kọ ti jáde. O ò ní gbọ́ ohùn àlejò kan tó dé lójijì láti wá ṣe àdákọ kó tún lọ. Ó tún Mísà yìí gbà sílẹ̀ ní ìgbà kejì, ó jáde ní 2015, èmi ṣì fẹ́ ti àkọ́kọ́.

@AtúnOhùnṢe, nǹkan kan kù. "Dona nobis pacem" àti "Gratias agimus tibi", orin kan náà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ ló yàtọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí olùdarí yín sáré ti ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń ṣe é bí ẹni fẹ́ lọ bá ọkọ̀.

AtúnOhùnṢe

Màmá, wọn ò sáré. Wọ́n tilẹ̀ falẹ̀ ju ti "Gratias" lọ díẹ̀, báàsì sì wọlé wúrúwúrú nínú èyí tí olùdarí fẹ́ràn jù. Mo ti rí èyí tí báàsì ti mọ́, inú rẹ̀ kò dùn sí mi nígbà tí mo sọ fún un.

Ibi tí mo bá a dé rèé. Àwo méjì ni yóò jẹ́, torí kò lè gba inú ẹyọ kan. Gloria ló parí àkọ́kọ́, Credo ló bẹ̀rẹ̀ èkejì. Bach fúnra rẹ̀ pín ìwé náà sí mẹ́rin: Missa (ìyẹn Kyrie àti Gloria), Credo, Sanctus, lẹ́yìn náà Osanna dé òpin. Ẹni tó ń náwó sí i fẹ́ kí n fi àlàfo gígùn sáàárín Sanctus àti Osanna torí pé Bach ya wọ́n sọ́tọ̀. Olùdarí ní kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn ní kíá, torí pé nínú ìsìn, Osanna ló ń gba orin lẹ́nu Sanctus. Ti olùdarí ni mo máa ṣe níbẹ̀.

Ti "Crucifixus", mo ti gbọ́ àmọ̀ràn AdaríOrin. Ìrù ìró rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá 4 kí ó tó rá tán. Mo máa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo máa lẹ ìdákẹ́ ọjọ́ àwọn onikàkàkí mọ́ ọn lábẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó tán, kí yàrá má bàa yí padà lójijì. Lálẹ́ yìí ni mo máa dán an wò pẹ̀lú gbohùngbohùn etí, lọ́la pẹ̀lú èyí tó wà lórí tábìlì.

AdaríOrin

Ẹ dán an wò nínú rédíò ọkọ̀ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ti gbọ́ ọ.